Oníbodè Bátìrì: Iná, Òǹkà àti Èdè Wa ní Festac

Ọ̀rọ̀ òwe, oríkì àti orúkọ àmútọ̀runwá ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bi mí léèrè, mo sì máa ń dáhùn bí agbára mi ṣe mọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan Yorùbá kan bátìrì. Ó kàn án púpọ̀. Èdè tí ó lè sọ ìdí tí aró fi mú aṣọ àti ìdí tí ẹmu fi kan lè sọ ìdí tí ìnfátà fi ń ké lóru, bí a bá fún un láyè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iná fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: iná ni a fi ń se ọbẹ̀, iná ni à ń tàn sí àtùpà, iná náà ni ó ń gba inú wáyà kọjá. Nígbà tí ó di dandan láti ya èyí tó kẹ́yìn sọ́tọ̀, àwọn baba wa wo ojú ọ̀run, wọ́n rí mọ̀nàmọ́ná tó ń kọ yẹ̀rì, wọ́n sì pè é ní iná mọ̀nàmọ́ná. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ohun kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ènìyàn. "Wọ́n ti mú iná lọ" ni ẹ óò gbọ́, tàbí "wọ́n ti mú iná dé".

Ta ni "wọ́n"? Òfin ọdún 1950 ni ó dá àjọ ECN sílẹ̀. Ní ọdún 1972, ìjọba pa á pọ̀ mọ́ àjọ tó ń rí sí àwọn ìsédò odò Ọya, wọ́n di NEPA. Ní ọdún 2005, NEPA di PHCN. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, Eko Electricity Distribution Company sì ni ó bọ́ sí lọ́wọ́ ní apá tiwa. Orúkọ ń yí, "wọ́n" kò yí. Àwọn ọmọdé tí a bí lẹ́yìn tí NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣì ń pariwo "Up NEPA!" nígbà tí gílóòbù bá tàn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe máa ń pe orúkọ baba ńlá tí kò fojú rí rí.

Ìlú tí mò ń gbé kì í ṣe ìlú àtijọ́. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún àgbáyé kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Inú ilé wọ̀nyí ni àwọn olórin, oníjó àti eléré láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè dé sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, ilé di ti àwọn ará Èkó. Títí di òní, nọ́ńbà ni orúkọ ọ̀pọ̀ òpópónà wa: 21 Road, 22 Road, 23 Road, a sì ń fi álífábẹ́ẹ̀tì pe àwọn ojúlé tó yà kúrò lára wọn. (Ó ṣe mí bíi pé ìdí nìyí tí òǹkà kò fi ṣòro fún àwọn ọmọ Festac. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kò lè délé.) Ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin ni a wà, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ìlú tí a kọ́ kí ayé lè wá wo ọ̀làjú wa ti di ìlú tí olúkúlùkù ń dá iná ara rẹ̀ ní: ìnfátà nínú pálọ̀, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ó ra ọkọ̀ kan tí í ṣe ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà, fíríìjì kékeré wà. Wọn a máa wà á lọ sí etí odò àti inú igbó láti gbafẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ sí ibi tí kò sí iná ìjọba, bátìrì ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò máa jẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ iye tó kù nínú bátìrì yín? Tèmi sọ fún mi pé òun kún, nígbà tó ṣe díẹ̀ ó pa gbogbo iná."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Àbúrò, o fi owó gọbọi ra irú ayé tí àwa ń gbé lójoojúmọ́. Ilé tiwa kàn ṣàì ní táyà ni."

Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ìnsúlínì ni ó sì ń gún. Ìgò ìnsúlínì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò gbọdọ̀ dì, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Bí a bá ti ṣí i, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lè fara da ìta fún nǹkan bí ọjọ́ 28, bí ooru ilé kò bá ju ìwọ̀n 30 lọ, ẹ sì mọ bí yàrá ṣe ń rí ní Èkó nínú oṣù Kẹta. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé oògùn tí ooru ti bà jẹ́ lè máa wo ènìyàn lójú bí èyí tó dára. Ara aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Nítorí náà, bí mo bá dìde lóru lọ wo ìnfátà, tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni mò ń ro.

Bátìrì méjì ni a ní, àwọn ńlá olómi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólìtì 12 àti ámpù-wákàtí 200, a sì so wọ́n tẹ̀ léra kí ìnfátà lè rí fólìtì 24. Fólìtì, ámpù, wáàtì: ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn oníná fi ń dẹ́rù bà wá. Ẹ fojú inú wo àmù omi tí a lu ihò sí nísàlẹ̀. Bí omi bá ṣe ga tó nínú àmù ni ipá tí ó fi ń ti ara rẹ̀ jáde yóò ṣe pọ̀ tó. Ipá yẹn ni fólìtì. Iye omi tó ń gba ẹnu ihò jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ámpù. Ẹ fi ipá náà lọ́po iye omi náà, ẹ ó rí bí iṣẹ́ tí omi ń ṣe ti yára tó, ìyẹn wáàtì. Ìdọ̀tí tó bá há sí ẹnu ihò tí kò jẹ́ kí omi kọjá geere, ìyẹn ni wọ́n ń fi óòmù wọ̀n.

Orúkọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Ará Ítálì ni Volta, òun ló ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ọdún 1800. Ará Faransé ni Ampère, ará Scotland ni Watt, ará Jámánì ni Ohm. Nígbà tí oníná kan bá dúró lójú pópó Festac tí ó ń ka fólìtì, orúkọ òkú ọ̀run ni ó ń pè láìmọ̀. Àwa Yorùbá tí a fẹ́ràn oríkì kò yẹ kí a bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìnfátà wa ní iná kéékèèké mẹ́rin níwájú rẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn, a ní bátìrì kún. Bí ó bá ku ọ̀kan, a ní ó ti ń tán lọ. Irọ́ tó wà nínú ìwọ̀n yìí ni ó mú àbúrò mi ní Houston, nítorí pé fólìtì nìkan ni àwọn iná náà ń wò. Ẹni tí ó bá ń da omi sínú àmù lọ́wọ́ yóò rí i tí omi ń ru gùdù sókè. Ẹni tí ó bá ń fi igbá ńlá bu ú yóò rí i tí ojú omi ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí omi dé ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tòrò ná. Bí bátìrì ti rí nìyẹn. Bí ó bá ń gba iná lọ́wọ́, tiwa lè fi fólìtì 28 hàn, kò sì tíì kún ìdajì. Bí fíríìjì bá ń fà á, ó lè fi 24 hàn nígbà tí ó ṣì kún dáadáa. A ní láti pa ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, kí a dúró fún wákàtí kan ó kéré tán, kí a tó gbé mítà lé e. Nígbà náà, bí méjèèjì lápapọ̀ bá tó 25.4, wọ́n kún. Bí ó bá jẹ́ 24.4, ìdajì ló kù. Kò yẹ kí a máa lò wọ́n kọjá ibẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé irú bátìrì olómi yìí a máa tètè gbó bí a bá ń fà á gbẹ, tí a sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òǹkà ilé wa kò le. Ámpù-wákàtí 200 lọ́nà fólìtì 24 jẹ́ 4,800 wáàtì-wákàtí. Ìdajì rẹ̀, tí a lè ná, jẹ́ 2,400. Fíríìjì wa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 130 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a máa sinmi ju bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí náà wákàtí 12 òru kò gbà ju nǹkan bí 620 lọ. Fáànù kan fún wákàtí 10 jẹ́ 600. Gílóòbù mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 180. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí mẹ́ta jẹ́ 240. Ẹ fi ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, kò tíì tó 2,000. Òru kan gbà á, ó sì tún ṣẹ́kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ó ń jẹ wáàtì 1,000, bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ aṣọ fún ìdajì wákàtí péré, ó ti kó 500 lọ, ó sún mọ́ gbogbo ohun tí fáànù ń jẹ mọ́jú. Láti ìgbà tí mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ ilé, wọn kì í lọ aṣọ lórí ìnfátà mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye owó lítà epo bẹntiróòlù kan ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí òkè 480. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òru bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án fún wákàtí kan. Àsìkò yẹn gan-an ni ìnfátà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Fáànù àti gílóòbù yóò máa ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí fíríìjì bá ti fẹ́ gbéra báyìí, ìnfátà a ké fíìn-ín, a sì pa. Bí a bá tún un tàn, a tún pa.

A pe oníná kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wàáhù ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà." Ó wo bátìrì yíká, ó gbé mítà lé e lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ti kú. Méjì tuntun lẹ máa rà."

Iye tí ó dá lé e ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní owó ọkọ̀, mo ní a óò pè é. Ìyá mi ti kó ìgò ìnsúlínì tí kò tíì ṣí lọ sínú fíríìjì aládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìgò tí ó ń lò lọ́wọ́ ni a gbé sínú ìkòkò kékeré, a gbé ìkòkò náà sínú ńlá, a da yanrìn tútù sí àárín wọn, a fi aṣọ rírin bò ó. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, tún un ṣe dé ibi tí ó fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ó ń ṣiṣẹ́ bí idán ní òkè ọya tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Mo jókòó ti bátìrì náà ní ọjọ́ kejì. Ìbéèrè tí mo bi ara mi rọrùn: bí bátìrì bá kú, orí bátìrì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí àìlera náà ti hàn. Mo tan fáànù àti gílóòbù, mo gbé mítà lé orí bátìrì kìíní, 12.5. Mo gbé e lé èkejì, 12.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Mo wá gbé e lé ibi tí wáyà ti wọ inú ìnfátà. 24.2. Nǹkan bí 0.8 ti sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá ti bójú tó owó ọjà rí mọ ohun tó kàn. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ní pípé tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ní pípé, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó fún ni lówó. Ọ̀nà ni à ń tọ̀. Mo tọ ọ̀nà náà láti oríkèé dé oríkèé. Ọgbọ́n tí a ń dá níbẹ̀ ni pé kí a fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì, kí a fi èkejì kan orí wáyà tí a dè mọ́ ọn. Ohun kan náà ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́, nítorí náà òdo, tàbí ohun tó sún mọ́ òdo, ni ó yẹ kí mítà kà. Oríkèé kìíní: òdo. Ìkejì: òdo. Ìkẹta: òdo. Ìkẹrin, lábẹ́ ọ̀rá pupa tí wọ́n fi bo orí bátìrì kejì: 0.8. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Fáànù àti gílóòbù ń fa nǹkan bí ámpù mẹ́fà. Bí ámpù mẹ́fà bá pàdánù fólìtì 0.8 ní ojú kan, ìdènà ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí óòmù 0.13. Ó kéré, kò sí ẹni tí yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ámpù 50 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 50 lọ́po 0.13: fólìtì mẹ́fà ààbọ̀ ti lọ. Kí 25 tó dé inú ìnfátà, ó ti di nǹkan bí 18. A sì ti kọ́ ìnfátà pé bí ó bá ti rí ohun tí kò tó 21, kí ó pa, kí bátìrì má bàa gbẹ. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́. Bátìrì kò kú rárá.

Nígbà tí mo ṣí ọ̀rá pupa náà, ìyẹ̀fun funfun tó dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé ti bo gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀tì sì ti dẹ̀. Mo pa ohun gbogbo. Mo bọ́ òrùka ọwọ́ mi, nítorí pé irin tó bá já lu orí méjèèjì bátìrì lè yọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Mo ṣí gbogbo fèrèsé, nítorí pé bátìrì olómi a máa mí gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tó bá ń gba iná. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àbẹ́là wò ó ń pe àjálù. Mo tú wáyà ẹ̀yìn kúrò ṣáájú ti iwájú. Mo po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìyẹ̀fun náà títí ó fi hó tán, mo nu ún gbẹ, mo fi yanrìn pépà ha á títí ó fi ń dán, mo fi sípánà dè é, mo fi gírísì pa á. Owó tí ó ná mi kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Fíríìjì gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi lọ gba ìgò rẹ̀ padà lọ́wọ́ aládùúgbò.

Nígbà tí mo ròyìn fún àbúrò mi, ó ní irú rẹ̀ kọ́ ló ṣe ọkọ̀ tòun, ṣùgbọ́n òun ti ra ẹ̀rọ kan tí í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bátìrì. Mo ra tèmi ní Alaba. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ: oníbodè. Ẹ rántí àwọn oníbodè àtijọ́ tí wọ́n ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí wọ́n ń ka ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tí a so mọ́ wáyà ẹ̀yìn bátìrì kí gbogbo iná lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdènà rẹ̀ kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n a mọ iye rẹ̀ gan-an. Fólìtì tíntìntín tí ó bá sọnù lórí rẹ̀ ni a fi ń mọ iye ámpù tó kọjá. Bí ẹ bá ro ó dáadáa, iṣẹ́ tí oríkèé ìdọ̀tí wa ṣe fún mi náà ni ó ń ṣe, àfi pé tirẹ̀ ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá dé ìṣẹ́jú-àáyá, bí alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní orí rẹ̀ pé dé ibi tí kò nílò ìwé láti mọ iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan dá.

Ó ní àléébù. Oníbodè mọ ẹni tó wọlé, ó mọ ẹni tó jáde, kò mọ ẹni tó kú sínú ilé. Bátìrì tó bá ń gbó lọ kò lè gba 200 mọ́, ṣùgbọ́n oníbodè yóò máa fi 200 ṣírò títí ènìyàn yóò fi sọ fún un. Àṣìṣe kéékèèké a sì máa gorí ara wọn, nítorí náà ó yẹ kí a jẹ́ kí bátìrì kún dé ẹnu lóòrèkóòrè kí òǹkà lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Síbẹ̀, òun ni ó fi ohun kan hàn mí tí n kò bá má fura sí láé. Ní òru ọjọ́ kan, gbogbo àdúgbò pariwo "Up NEPA!" Gílóòbù tàn, ó pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo wo oníbodè, ó ṣì ń ka ohun tó ń jáde. Kò sí ohun tó wọlé. Mo gbé mítà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì: 150. Ó yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bí 230. Ìnfátà ti wò ó, ó ní irú iná bẹ́ẹ̀ kò wu òun, ó sì kọ̀ láti gbà á. Ìdí tí iná fi rẹlẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀nà mẹ́ta ni iná ìjọba máa ń gbà wọ inú ọ̀pọ̀ ilé wa. Bí méjì bá kú, gbogbo ojúlé a yí ara wọn sí ẹ̀ka kan tó kù, ẹ̀ka náà a sì rọ bí okùn tí ogún ènìyàn rọ̀ mọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, tí ọ̀pọ̀ ti sùn, ó gòkè sí 205, ìnfátà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé "iná dé" àti "iná wọlé" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wa.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? A ní kékeré kan tí a fi ń ran bátìrì lọ́wọ́ nígbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀: ìta gbangba ni ibi rẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ tí kò rùn, tí a kò sì lè rí, ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ń pa àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀-ilé ní òkè òkun bákan náà.

Àwọn kan lè sọ pé mo kàn fi Yorùbá bo ẹ̀kọ́ òyìnbó láṣọ. Ẹ rántí iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Èmi tún ní ẹ̀rí tèmi nílé.

Ìyá mi ta aṣọ fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sì ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi òwe àmù ṣàlàyé fún un, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, ó sì ní kí n ra ìwé àkọsílẹ̀ wá fún òun. Ìwé náà ń fi okùn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnfátà báyìí. Òun ló ń jí kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan, lẹ́yìn tí ó bá ti pa ìnfátà fún wákàtí kan tó fi ń kírun ìdájí tó sì ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní tòun kì í jọ ti oníbodè nígbà mìíràn, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ó kọ ní àárọ̀ àná nìyí, bí ó ti kọ ọ́ gan-an: "24.9. Wọ́n mú iná dé ní aago méjì, kò gbé. Ó wọlé ní mẹ́ta ààbọ̀. Fíríìjì tutù. Mo ti gún tèmi."